Páálí Oògùn Abẹ́ Ewé Obì

Mò ń ṣa obì tí mo fẹ́ rà ní Sábó ní Ṣàgámù nígbà tí mo gbọ́ tí aláboyún tó ń tà á fún mi sọ fún ìyá àgbà tí wọ́n jọ ń tajà pé:

"Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ tún ti ń bá ìgbẹ́ mi jáde."

"Àìsàn ìfun yẹn? Ṣebí o ní oògùn ti kápá ẹ̀?"

"Mi ò lò ó mọ́ látìgbà tí mo ti mọ̀ pé mo lóyún. Kò yẹ kí ọmọ máa bá mi jẹ oògùn."

"Ṣé dókítà ló ní kó o jáwọ́ ni?"

"Rárá. Tí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní mò ń lò ó."

Ó ṣí ewé tó fi bo obì inú apẹ̀rẹ̀, ó fa páálí oògùn mẹ́ta jáde. Wọn ò tíì já ọ̀kankan nínú wọn. Obì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyá náà fò dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Yéè! Dìde, ọsibítù yá! Ojoojúmọ́ lò ń tú obì yìí wò kí kòkòrò má bàa wọ̀ ọ́. Ara tí ọmọ wà nínú ẹ̀, oṣù márùn-ún lo fi pa á tì!"