Àwọn Tó Ti Jẹ́ Tiwa Tẹ́lẹ̀

(Fóònù ń dún. Ariwo èrò.)

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò, akọ̀wé ìjọba. Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé o gbọ́ mi?

AKỌ̀WÉ: Ẹ káàsán, ma. Mo gbọ́ yín. A wà nínú mítìn—

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò ní pẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́?

AKỌ̀WÉ: Wọ́n wà. Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi àti Màmá la wà nílé ìwòsàn, lójú fèrèsé abẹ́rẹ́ ìtọ̀ súgà ọ̀fẹ́ yín. Nọ́ọ̀sì ní orúkọ Màmá ò sí nínú ìwé. Mo ní irọ́ ni, àbúrò mi ló tẹ̀ ẹ́.

(Ilẹ̀kùn pa dé; AKỌ̀WÉ ti jáde nínú mítìn.)

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

AKỌ̀WÉ: Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ni Màmá ń gbé báyìí? Àdúgbò yín wà nínú ìwé náà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ibi tí wọ́n ti ń dìbò ni nọ́ọ̀sì ń wò. Màmá ò gbé káàdì ìdìbò wọn kúrò ní àdúgbò wọn àtijọ́, Ẹ̀yìn Ilé-ẹjọ́. Wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣèlú yín nílò ìbò àwọn níbẹ̀.

AKỌ̀WÉ: Yéè. Èmi ni mo yọ ọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: O yọ kí ni?

AKỌ̀WÉ: Gbogbo Ẹ̀yìn Ilé-ẹjọ́. Ọ̀gá mi ní ibi tí ọkàn àwọn olùdìbò ò tíì dúró sójú kan nìkan ni ká fún ní abẹ́rẹ́. Àwọn tó kórìíra wa, ká yọ wọ́n. Àwọn tó ti jẹ́ tiwa tẹ́lẹ̀—

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ yọ àwọn náà?

AKỌ̀WÉ: Ó ní ta ló ń ju ìdẹ sí ẹja tó ti wà nínú agbọ̀n.

Ẹ̀GBỌ́N: Fìlà ẹgbẹ́ yín ni Màmá dé wá síbí.

AKỌ̀WÉ: Ẹ wá a lọ sílé oògùn, màá san—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti dé gbogbo ilé oògùn. Ìjọba ti kó abẹ́rẹ́ náà tán fún ètò yìí. Dá orúkọ Màmá pa dà.

AKỌ̀WÉ: Wọ́n ti ti ìwé orúkọ náà pa lórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ọ̀gá ni password wà. Ó di ẹ̀yìn ìdìbò.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Àná la gún èyí tó kù! Bẹ ọ̀gá.

AKỌ̀WÉ: Dírẹ́bà rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lánàá nítorí ìyá tiẹ̀. Ọ̀gá kàn rẹ́rìn-ín ni.

(Ìlà ń já.)

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Gbà, Màmá ń pè ẹ́. Sọ fún wọn fúnra ẹ.

MÀMÁ: Ọmọ mi. Mo ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé ìjọba yìí, tiwa ni. O máa tún un ṣe, àbí? Ṣé o gbọ́ mi?

AKỌ̀WÉ: Mo gbọ́ yín, ma. Màmá, ẹ—

MÀMÁ: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

AKỌ̀WÉ: Mo gbọ́ yín.

MÀMÁ: Kò gbọ́ mi. Kò burú. Bá mi wá àga, màá jókòó dè é—

(Fóònù já.)