Funfun Ara Igi Mi Dà?

Bọ̀ọ̀dá Oyèkọ́lá, ẹ má ní kí n jókòó, mi ò jókòó! Ẹ kú ilé o. Mo ti kí yín, mo ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bus méjì ni mo wọ̀ láti Hulme dé Swinton níbí, òjò pa mí bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè, síbẹ̀ mo dọ̀bálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ ní church pé Jọmílójú ò níwà. Ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ ti parí, mo ti dìde. Funfun ara igi mi dà?

Igi wo kẹ̀? Àǹtí Níkẹ́, ẹ bá mi gbọ́ láti kitchen tí ẹ wà yẹn o, ọkọ yín ń bi mí pé igi wo! Igi yew, igi òyìnbó tí mo gbé sínú shed yín lọ́dún méjì sẹ́yìn, torí pé heater flat mi máa gbẹ ẹ́ lójijì, kó sì là. Igi tí mo yọ́ àbẹ́là dí lórí, tí mo yọ́ àbẹ́là dí ní ìdí. Igi tí mò ń wá kí lóṣooṣù, tí Àǹtí ń sọ pé ọmọ yìí, ṣé o ò rí ọmọbìnrin kan máa wá kí ni. Òun náà ni! Mo sọ fún yín pé ọrun ni mo fẹ́ fi gbẹ́, ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà, ẹ ní kò burú. Mo gbé e síbẹ̀, pupa nínú, funfun lẹ́yìn. Mo dé lónìí, mo bá pupa láti orí dé ìdí, ó ń dán bí orí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa!

Ẹ bá mi tún un ṣe? Áà, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́! Ẹ ní funfun ara igi, oúnjẹ ikán ni. Òótọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá, ní Abẹ́òkúta. Ẹ ti sọ fún wa, káfíńtà tó bá fi funfun sílẹ̀ lára pákó òrùlé lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ káfíńtà, pákó yẹn náà ni ọ̀gá á fi gbá a nídìí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ikán wo ló wà ní Swinton? Ẹ fi ẹyọ kan hàn mí! Ikán wo ló máa gba visa, tó máa wá fara da òtútù yìí, tó máa rìn kọjá níwájú ọ́fíìsì council, tó máa béèrè ọ̀nà shed yín nítorí igi kan ṣoṣo? Ogún ọdún lẹ ti wà nílùú òyìnbó yìí, ikán ṣì ń dẹ́rù bà yín!

Ẹ tiẹ̀ mọ ẹni tí ẹ fi ìfági fá? Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ìlà kan, ọdún kan. Monica, ìyá arúgbó tó ń gbẹ́ ọrun ní Dobcross lókè lọ́hùn-ún, òun ló fún mi ní igi náà, òun ló kọ́ mi: fi omi nu ìdí igi, tan torch phone sí i, mú abẹ́rẹ́, máa kà. Mo kà á títí ọrùn fi ń dùn mí. Láàárín oríkèé àtàǹpàkò mi kan péré, ìlà mọ́kànlélógójì! Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ lé ní àádọ́rùn-ún. Ẹ̀yin ò sì tíì pé àádọ́ta, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ bá àgbàlagbà nínú shed, ẹ ò kí i pé ẹ kú ìsinmi bàbá, ẹ kàn fá ewú orí rẹ̀ kanlẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá tó mọ̀wà hù!

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, kó má pa mí síkùn. Monica ní igi tó bá dàgbà nínú ọgbà olówó, tí wọ́n ń bu ajílẹ̀ sí nídìí, ìlà rẹ̀ á jìnnà síra, ọ̀lẹ ni, ẹ tẹ̀ ẹ́, kò ní padà. Èyí tí òtútù orí òkè bá fìyà jẹ, tí kò sanra ju ìbú fọ́nrán òwú lọ lọ́dún kan, òun ni ọrun ń fẹ́. Ojú ìyà ni igi mi ti wá! Funfun yẹn ló máa ń nà téèyàn bá fà á, pupa ló máa ń tì í padà. Ojú funfun yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọdún kan ṣoṣo láti orí dé ìdí, torí bí irin bá gé e wọ inú ọdún mìíràn pẹ́nrẹ́n, ibẹ̀ ló máa ti ṣẹ́ lójú ẹni tó fà á. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ha èèpo rẹ̀ kúrò, mò ń mí díẹ̀díẹ̀, kí n má baà kan ọdún kejì. Ẹ̀yin jí láàárọ̀ Monday, ẹ po tíì, ẹ fá a tán kí tíì tó tutù. Ẹ tún ń súfèé! Àǹtí ló sọ fún mi, ẹ má wò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Saturday yìí wá ńkọ́? Ẹnì kan ni Monica ń gbà kọ́ṣẹ́ nídìí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lọ́dún kan. Ẹnì kan, Bọ̀ọ̀dá! Ó ní kí n gbé igi mi wá kí òun wo ìlà rẹ̀, bí kò bá já níbì kankan, àyè yẹn di tèmi. Mo ti yí orúkọ mi lórí BBM sí Jọmi Tafàtafà. Kí n wá yí i sí kí ni báyìí? Jọmi Onígi-ìdáná?

Ẹ máa fi góòmù lẹ̀ ẹ́ padà? Kí lẹ fẹ́ lẹ̀? Níbo ni èérún rẹ̀ wà? Inú bin. Wọ́n sì ti kó bin. Àná. Ó mà dáa o.

Kí lẹ ń wá lápò? Ẹ wọ awò ojú yín, ẹ ṣeun, ẹ wá wo òkú tí ẹ pa. Kí lẹ ń fi èékánná tọ̀ yẹn? Ìlà kan? Nínú pupa? Bọ̀ọ̀dá, kò lè ṣeé ṣe, ó máa já. Ẹ rọra. Ẹ ti dé ibi kókó, ó máa já níbẹ̀, ó di dandan kó já… kò já. Ó yí kókó po! Ẹ ṣì ń lọ. Ẹ ṣì ń lọ! Ẹ dé ìdí? Yéè! Àǹtí Níkẹ́, ẹ sọ ìrẹsì yẹn kalẹ̀, ẹ wá wo ọkọ yín! Ọdún kan ṣoṣo láti òkè délẹ̀, tó fẹ́lẹ́ ju ewé Bíbélì lọ! Ẹ ní ọwọ́ yín ń gbọ́ ibi tó le àti ibi tó rọ̀, ibi tó ti le lẹ dúró? Pé àfọ́kù ìgò lẹ fi ha ibi kókó, bí ọ̀gá yín ṣe kọ́ yín? Ẹ wá ń wò mí níran láti ìgbà tí mo ti ń pariwo bí aláago!

Ó dáa. Inú ṣì ń bí mi o. Saturday, aago mẹ́jọ, ẹ̀yin lẹ máa fi mọ́tò gbé mi lọ sí Dobcross, ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín ṣàlàyé fún Monica. Inú ẹ̀ á tiẹ̀ dùn, torí ó sọ pé látogójì ọdún tóun ti ń gbẹ́ ọrun, ẹni méjì péré lòun rí tó lè tọ ọdún kan nínú pupa kó má já, pé bóun bá fojú kan ẹnì kẹta, lójú ẹsẹ̀ lòun máa fún un láyè nídìí bẹ́ǹṣì…

Ẹ dúró ná.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ má lọ mọ́! Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ẹ bọ́ awò yẹn! Rárá o, òtútù òkè yẹn ti pọ̀ jù fún eegun yín, ọ̀nà ibẹ̀ ò sì dáa fún mọ́tò yín. Letter lẹ máa kọ, èmi ni màá mú un lọ. Ẹ kọ ọ́ pé èèṣì ni, pé ojú yín ò ríran, pé ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Àǹtí, ẹ bá wa wá bíró! Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá mi àtàtà, ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi kọ ọ́!