Ìkòkò Ẹ̀yìnkùlé Wa Kì í Ṣe Ojúbọ

Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, ẹ bá mi gbé Jésù ga. Halelúyà! Ẹ ṣe é kó dún dáadáa, torí ìyìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fún un kí n tó sọ ohun tó wà níkùn mi. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Pásítọ̀ ti ní kí n má pẹ́, mi ò sì ní pẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Tómi. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, Galadimawa ní Àbújá níbí la sì ń gbé. Màmá mi ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn. Láti Ìlá ni wọ́n ti wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, àárọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ ínsúlín. Abẹ́rẹ́ yìí kò fẹ́ràn ooru rárá, inú fíríìjì ló ń gbé. Tó bá ti gbóná jù, agbára ẹ̀ á lọ, ẹni tó bá gbà á, bí ẹni gba omi lásán ni. Nítorí pé ó máa ń ṣòroó rí, tí ẹ bá dé kẹ́místì wọ́n á ní ó ti tán, mo ti ra èyí tí wọ́n máa lò fún oṣù mẹ́ta pa mọ́.

Ọjọ́ tí mo kó o sínú fíríìjì, mo bi ọkọ mi pé, "Daddy Tómi, tí iná bá lọ fún ọ̀sẹ̀ kan ńkọ́?"

Ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Mo ní, "Àmín. Ṣùgbọ́n tó bá lọ ńkọ́?"

Ó ní, "Kí ló dé tí o máa ń fẹnu ara ẹ pe ibi? A ní ínfátà, a ní jẹnẹrétọ̀, a ní Jésù."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń parí nílé wa nìyẹn. Bó ṣe máa ń parí nílé tiyín náà nìyẹn, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Tí ẹnì kan bá ti lè sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ó tán, kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ béèrè nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Ní Sátidé kan, mo lọ ra nǹkan ọbẹ̀ ní ọjà Kuje. Hajiya kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń ra tòmátì lọ́wọ́ ẹ̀. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Tòmátì àwọn tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti rọ̀, tiẹ̀ le koko. Mo ní, "Sànnu, Hajiya. Kí lẹ ń fi sí i?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìkòkò amọ̀ ńlá kan hàn mí. Ìkòkò kékeré kan wà nínú ẹ̀, yanrìn tútù wà láàárín méjèèjì, ó wá fi aṣọ tútù bo orí ẹ̀. Ó ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ará, ó tutù bí omi àmù ìyá mi àgbà. Ó ní omi lòun kàn ń bù sí yanrìn yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, atẹ́gùn ló ń ṣe ìyókù.

Mo ra ìkòkò méjì, ńlá àti kékeré, kí n tó kúrò lọ́jà. Mo tò wọ́n pẹ̀lú yanrìn bí tiẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí ibòji wà tí atẹ́gùn sì ń fẹ́. Mo kó tòmátì sínú ẹ̀ láti fi dán an wò. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun kan tó ti gbó, òun ni mo fi bò ó. Ẹ̀yin náà ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ.

Ìgbìmọ̀ ìbẹ̀wò ìjọ wa wá kí Màmá mi ní Tọ́sìdeè kan, mi ò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Mummy Ọláòtán, olórí ìgbìmọ̀ náà, bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé láti dáhùn ìpè lórí fóònù. Ni wọ́n bá rí ìkòkò amọ̀ lábẹ́ igi, aṣọ funfun lórí ẹ̀, ilẹ̀ tútù yí i ká. Wọ́n fi igbe bọnu pé ojúbọ ni. Gbogbo ìgbìmọ̀ sáré jáde. Màmá mi ń sọ pé, "Ìkòkò tòmátì ni," kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n da òróró sí ìkòkò, wọ́n ta díẹ̀ sórí Màmá mi náà. Ọkọ mi, tó mọ̀ pé èmi ni mo ra ìkòkò yẹn, tó ti jẹ nínú tòmátì inú ẹ̀, kò lè lanu. Wọ́n ní kó gbé e jáde, ó gbé e jáde, ó sì fọ́ ọ síbi ìdalẹ̀nù. Bí mo ṣe wọlé, Tómi ọmọ mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Yorùbá Àbújá tó ń sọ, ó ní, "Mummy, wọ́n ti lé dẹ́mọ́ọ̀nù kúrò nínú tòmátì wa."

Mo bi ọkọ mi pé kí ló ṣe é tí kò fi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí ni kí n sọ fún Mummy Ọláòtán?" Mo ní, "Tòmátì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i, tiransifọ́mà ẹsítéètì wa jó. Ẹ sì mọ bí ooru March ṣe máa ń rí ní Àbújá yìí. Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná. Ọ̀gá ibẹ̀ ní, "Madam, a ti kọ̀wé. Ẹ ní sùúrù." Mo ní, "Sùúrù ọjọ́ mélòó?" Ó ní, "Ẹ ṣáà ní sùúrù." Ínfátà tí a gbójú lé kú ní ọjọ́ kejì. Epo bẹtiróòlù sì wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ọkọ mi lọ tò fún epo ní Jabi láti ìdájí, kẹ́ẹ̀gì òfìfo ló gbé dé nírọ̀lẹ́. Mo gbé abẹ́rẹ́ lọ bá oníkẹ́místì ẹ̀bá ráńdábáòtù, ó ní fíríìjì tòun náà ti kú.

Mo pe dókítà. Ó ní, "Mà, ó lè wà níta fíríìjì fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe nínú irú ooru yìí. Ẹ wá ibi tó tutù fún un. Ẹ má sì gbé e sínú yìnyín o, tó bá lè dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Mo ní, "Dókítà, mo ní ibi tó tutù. Wọ́n ti gbàdúrà fọ́ ọ."

Ó ní, "Ẹ ní kí ni, mà?"

Màmá mi gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti orí àga wọn. Wọ́n ń fi páálí fẹ́ ara wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má da ara ẹ láàmú. Mo ti lo ìwọ̀nba tèmi láyé." Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí lára jù. Ẹni tí ara ẹ̀ le, tó ń jẹun, tó ń ṣẹ̀fẹ̀, kó máa palẹ̀ mọ́ nítorí pé kò sí iná. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ọkọ mi dìde. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ó sì ru ìkòkò òdòdó amọ̀ méjì bọ̀ wálé lórí. Ihò wà nídìí wọn, ó fi igi tó wé ní náílọ́ọ̀nù dí i. Ó bu yanrìn níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní òpópónà wa. Mo kó abẹ́rẹ́ sínú abọ́ oníke tó ní ìdérí kí omi má baà kàn án, mo gbé e sínú ìkòkò kékeré. Ọkọ mi fúnra ẹ̀ ló bu omi sí i. Ó mú aṣọ búlúù, ó ní, "Kì í ṣe funfun lọ́tẹ̀ yìí." Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó tutù. Mo yin Jésù níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

Èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ "àgò onílé". Mummy Ọláòtán ni. Òpópónà kejì sí tiwa ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti rí ọkọ mi nígbà tó ru ìkòkò kọjá, wọ́n sì ti bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe. Mo ti múra ohun tí mo máa sọ fún wọn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ti dé ètè mi. Wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n wá tú náílọ́ọ̀nù kan tó wà lábẹ́ ìborùn wọn. Ínsúlín ni. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti ń gbà á, lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ́rìí níhìn-ín pé ìtọ̀ ṣúgà ti lọ lára wọn, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó padà dé.

Wọ́n ní, "Ìyá Tómi, ṣé àyè ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ṣí ìdérí abọ́, mo bá wọn tò ó mọ́ ti Màmá mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko la fi bu omi sí ìkòkò yẹn kí iná tó dé. Àwọn ìyá méjèèjì ń gba abẹ́rẹ́ wọn láàárọ̀ lálẹ́. Dókítà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Màmá mi wò, ó ní kò sí ewu. Ọlọ́run, ẹ ṣeun. Baba, ẹ ṣeun.

Mummy Ọláòtán ni wọ́n ní kí n sọ gbogbo èyí, torí pé òun ò lè sọ ọ́. Mo ti dárí jì wọ́n. Ọkọ mi, mo ti dárí jì í díẹ̀.

Ìwọ tó wà nínú ìṣòro lónìí, Ọlọ́run tó fi Hajiya onítòmátì gbọ́ tèmi á gbọ́ tìẹ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, tí ẹ bá ti sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí ẹ ṣe àmín, kí ẹ wá béèrè pé, tó bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ta ni òògùn ẹ̀ wà nínú fíríìjì nínú ilé yìí? Ẹ nawọ́, kí n wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín lẹ́yìn ìsìn. Ẹ má wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ẹ ṣeun, Mummy Ọláòtán. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín ga díẹ̀ sí i mà, kí àwọn tó wà lẹ́yìn rí i.