Àwọn Ọta Tí Mo Dì fún Dwain Sletten

Ẹ̀yin ará Badger Flats, ẹ gbé ife kọfí yín kalẹ̀ ná. Gaylen, ìwọ tó ni ilé kọfí, ìwọ ni mo ní kí o ka ìwé yìí, má sì fo ìlà kankan. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, ó ní bí mo bá fojú rí yìnyín ọdún tó ń bọ̀, kí n dúpẹ́. Èmi Verlyn Tofte, tí ẹ ti ń pè ní òpùrọ́ láti bí ọdún márùndínlógójì, fẹ́ sọ òtítọ́ kan péré kí n tó lọ, torí ó ti jókòó lé mi láyà bí akọ màlúù tó jókòó lé ìgò. Mo gba ọwọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Mi ò lo ọ̀bẹ, ẹ̀jẹ̀ kankan ò sì jáde. Ọwọ́ náà ṣì wà lára Dwain Sletten títí di òní, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn mí. Mo ní ajá kan tó ń jẹ́ Nickel. Ajá yìí gbọ́n ju olùkọ́ tó lé mi kúrò ní kíláàsì kẹfà lọ. Ó lè da igba màlúù gba ojú abẹ́rẹ́, kó sì máa kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde. Ní oṣù kẹta, tí àwọn màlúù ń bímọ lọ́wọ́, Dwain tí wáyà kan ṣoṣo pín oko rẹ̀ àti tèmi níyà yìnbọn pa á láti irínwó ìṣísẹ̀. Ó ní òun rò pé ajáko ni. Ajáko wo ló ń so ìgbànú pupa mọ́ ọrùn? Ìyẹn náà, mo lè fojú fò ó. Ohun tí mi ò lè gbójú fò ni pé lọ́jọ́ kejì, níbí yìí gan-an, ó ń fi ṣíbí wọn tábìlì láti fi bí ibẹ̀ ṣe jìn tó hàn, gbogbo yín sì ń rẹ́rìn-ín. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Verlyn, ajá rẹ ò tiẹ̀ gbọ́ ìró ìbọn kó tó dé ọ̀run." Mo bá yín rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí dáadáa, tèmi ló ròkè jù. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ti ń wá ibi tí màá ti bù ú jẹ.

Ọdún yẹn náà ni ikún bo pápá Dwain. Wọ́n pọ̀ débi pé bí wọ́n bá jọ sín pa pọ̀, òrùlé mẹ́ta á ṣí. Wọ́n jẹ koríko tán, àwọn màlúù ń wolẹ̀ bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù, abo ẹṣin Ardis, ìyàwó Dwain, sì ti ki ẹsẹ̀ bọ ihò ikún, ẹsẹ̀ náà kán. Ìbọn tí Dwain fi pa Nickel ti jẹ nínú níbi tó ti ń fi yin ikún láàárọ̀ lálẹ́, kò ran ọ̀nà jíjìn mọ́. Ló bá gbéra, ó di ọ̀dọ̀ mi. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa èmi ni mo ń di kátíríìjì, ìyẹn ọta pẹ̀lú ẹ̀tù tó ń tì í, fún gbogbo ilé. Ẹni tí mo bá sì ń di ọta fún, èmi náà ló ń bi léèrè irú ìbọn tó yẹ kó rà.

Mo mọ ìdáhùn. Ìbọn tí wọ́n ń pè ní méjì-méjì-mẹ́ta dára títí dé ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àdúrà ló kù. Méjì-mẹ́rin-mẹ́ta ni ìbá gbè é, torí ọta rẹ̀ wúwo, afẹ́fẹ́ wa tó ń tu irùngbọ̀n ewúrẹ́ lọ gbìn sí àgbọ̀n ìyá àgbà ò lè tètè tì í. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní kó ra méjì-òdo-mẹ́rin. Ọta tìyẹn kéré bí eyín eku, ó yára débi pé ó ti ń padà bọ̀ nígbà tí ẹ bá ń yìn ín. Lọ́jọ́ tí ewé ò bá mì, kò sí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni ewé kì í mì ní Badger Flats?

"Ṣé afẹ́fẹ́ ò ní máa gbé e lọ?" Dwain bi mí.

"Kí afẹ́fẹ́ tó jí, ikún ti kú. Àbí ojú rẹ ló ń kọ ọ́ lóminú, bàbá àgbà? Bó bá jẹ́ ojú ni, ra èyí tó wúwo."

"Ojú mi mọ́," ó yára fèsì.

Mo mọ ibi tí mo fọwọ́ kàn. Àìsàn gbígbọ̀n ló pa Sletten àgbà, bàbá rẹ̀. Gbogbo yín mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: bàbá tí kì í tàsé kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé ikún nígbà ẹ̀rùn kan. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, Ardis ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Láti ìgbà yẹn ni Dwain ti ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń wojú ọ̀run lásìkò ọ̀dá. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mi ò mọ̀.

Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo di ọgọ́rùn-ún kátíríìjì fún un. Ẹni tó mọṣẹ́ á wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n kékeré, ọ̀kan ò gbọdọ̀ fi ìbú irun ju èkejì lọ. Èmi náà wọ̀n ọ́n, kí ó lè burú dọ́gba: ọ̀kan pé, ọ̀kan dín, ọ̀kan dín sí i, mo wá pò wọ́n pọ̀, kí ọ̀kan máa fò kọjá, kí èkejì máa já sílẹ̀. Kò sí èyí tó lè ṣe é léṣe. Mi ò fẹ́ kó kú, mo fẹ́ kó wà láyé kó máa rí i. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí, mo ya ikún kan tó ń rẹ́rìn-ín sí i, mo sì ń súfèé. Mi ò ní purọ́ mọ́ Sátánì, ó ṣì ń sùn nígbà tí mo parí iṣẹ́.

Ní oṣù kẹfà, gbogbo yín gbé tábìlì ìbọn yín wá sí pápá rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, Ardis gbé ọ̀dùnkún àti páì wá. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń yìnbọn gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó ń fi awò awọ̀nàjíjìn wo ibi tí ọta bà fún un. Èmi ni mo fò síwájú pé màá ṣe ojú Dwain. Ó yìn ín, mo ní ó kọjá lókè. Ó yí awò ìbọn wálẹ̀, ó tún yìn ín, mo ní ó ti já sílẹ̀. Ó ní kí ni? Afẹ́fẹ́ gbé ẹ̀kẹta lọ sí oko ẹlòmíì. Wọ́n ní ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí, kò mọ̀ pé ohun tó dùn ní ń pani. Àwọn ikún iwájú ìbọn Dwain ìbá rèdí di ọdún Kérésì. Ọ̀kan tiẹ̀ dìde lórí ẹsẹ̀ méjì, ó káwọ́ gbera bíi díákónì. Gaylen, ìwọ lo sọ ọ́: "Dwain, ṣé ò ń pa wọ́n ni, àbí ò ń kí wọn?" Ìbọn méjìlélógún, ikún méjì péré. Nínú mi, mo ní, Nickel, jókòó, máa wòran.

Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dwain nìkan wá bá mi, ó ní ká jọ lọ sí pápá. Ó gbé ìbọn náà lé mi lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ.

"Verlyn, o mọ ìbọn ju gbogbo wa lọ. Jọ̀ọ́, má ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Ṣé ìbọn ni, àbí èmi ni?"

Ìlẹ̀kùn ṣí gbayawu níwájú mi. Gbólóhùn kan péré ni ìbá gbà mí. Ṣùgbọ́n kátíríìjì mẹ́ta wà lápò mi tí mo fi òótọ́ inú dì, torí mo ti mọ̀ pé yóò wá. Bó ṣe kọjú sí pápá, mo fi wọ́n rọ́pò tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ dákẹ́ lójijì, bíi pé òun náà fẹ́ gbọ́. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ikún mẹ́ta ṣubú. Mo dá ìbọn padà fún un.

"Ìbọn ò ṣàìsàn, Dwain."

Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀yin ará, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rù ló ń mú un gbọ̀n, kì í ṣe àìsàn. Òun ò mọ̀. Èmi mọ̀.

Kí yìnyín tó bọ́, ó ti ta màlúù rẹ̀. Nígbà tí koríko tún hù, ó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún àjèjì ìlú ńlá kan tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí. Àwọn dókítà ní àwọn ò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe sọ fún bàbá òun náà nìyẹn. Kò wa ọkọ̀ mọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ bímọ, Dwain ní kí wọ́n má gbé e fún òun, kí òun má baà jù ú sílẹ̀. Títí Ardis fi kú, kò gbé ọmọ náà rí. Ó sì gbé ìbọn àti páálí ọta tó kù wá fún mi, ó ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n lò.

Ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn. Nísinsìnyí a jọ wà nílé àwọn arúgbó, yàrá méjì ló wà láàárín wa. Láàárọ̀ yìí ó rọ kọfí kún ife méjì dẹ́múdẹ́mú, ó rìn gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá bá mi, ẹ̀kán kan ò ta sílẹ̀. Ó ní, "Mu tìrẹ, Verlyn. Ọwọ́ mi tún gbọ̀n lónìí."

Ẹ má rò pé mo ti di ẹni mímọ́. Ìbọn ogún tó tàsé, mi ò kábàámọ̀ ọ̀kankan. Bí mo bá tún ayé wá, màá tún dì wọ́n fún un, torí Nickel. Ìbọn mẹ́ta tí èmi ò tàsé ni mo ń tọrọ àforíjì lé lórí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá pa ajá yín, ẹ lọ gbá a lẹ́nu níwájú gbogbo ilé kọfí, kí ẹ sì jọ ṣa àwo tó bá fọ́. Ẹ má fún un ní àìsàn tí kò ní.

Kátíríìjì méje ló kù nínú páálí tí mo ya ikún sí. Gaylen, gbé e lọ fún Dwain, pẹ̀lú òṣùwọ̀n kékeré mi. Kó tú wọn, kó wọn ẹ̀tù inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n ò mọ yẹ̀yẹ́ ṣe. Bó bá wọ̀n wọ́n tán, kó wá bá mi. Mi ò ní ti ìlẹ̀kùn. Kó fi ọwọ́ náà ṣe ohun tó bá wù ú.