Ohun Tí Bọ̀ọ̀dá Wálé Bẹ̀ Mí Lórí Yìnyín

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá rí. Ìbéèrè kan tí Àǹtí Bísí bi mí ní Sátidé tó kọjá ló jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí.

Họ́kì orí yìnyín ni mo fi jẹun nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọn ò gbà mí torí góòlù, ìjà ni wọ́n gbà mí fún. Tí ẹnikẹ́ni bá han àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá nínú tíìmù wa léèmọ̀, èmi ni kóòṣì máa rán wọlé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mi ò ní purọ́. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà báyìí, àmọ́ láàárọ̀ tí òtútù bá mú, tí yìnyín mú kí títì Yarnton Way máa dán, ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń rántí.

Bọ̀ọ̀dá Wálé ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún tíìmù míì. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti wá, wọ́n jù mí lọ dáadáa, àwọn ló sì kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń jà láìṣubú. Tá a bá pàdé níta, mo máa dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

Àwa oníjà ní òfin tiwa. O máa kọ́kọ́ bi ẹnì kejì bóyá ó fẹ́ jà. Tó bá ní rárá, o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Yorùbá ni èmi àti Bọ̀ọ̀dá fi máa ń bi ara wa. Àwọn òyìnbó rò pé èébú ni. Nígbà míì, àlàáfíà màmá mi ni Bọ̀ọ̀dá ń béèrè.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, tíìmù wa pàdé tiwọn, mo sì bi Bọ̀ọ̀dá bóyá wọ́n fẹ́ jà. Wọ́n ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́, má jẹ́ ká jà lónìí. Òòyì ń kọ́ mi."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Àmọ́ kóòṣì ń wò mí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ti sọ pé òun ò mọ̀ bóyá òun ṣì nílò mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo lù wọ́n. Wọn ò tíì bọ́ tiwọn. Orí ni wọ́n fi balẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá ò gbá họ́kì mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé wọ́n gbà ká jà. Ta ló fẹ́ sọ pé irọ́ ni? Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn ò sì rántí nǹkan kan.

Thamesmead, ní London, ni àwa méjèèjì ń gbé báyìí. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń mú wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Town Centre, kí Àǹtí Bísí, ìyàwó wọn, lè sùn díẹ̀ tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó dé. Àǹtí á ní, "Ọwọ́ ẹ ò ní rọ." Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yìí náà ni o. Mo máa ń ṣe àmín, àmọ́ kì í tẹnu mi jáde dáadáa.

Iyè Bọ̀ọ̀dá ti ń lọ. Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò lẹ́nu wọn, Yorùbá nìkan ló kù. Ní Sátidé yẹn, bí mo ṣe ń dè wọ́n ní bọ́tìnnì kóòtù, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́, má jẹ́ ká jà lónìí."

Àǹtí Bísí rẹ́rìn-ín. "Ohun tí wọ́n máa ń sọ ṣáá nìyẹn. Ìjà wo ni, Dàpọ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Àárò Bọ̀ọ̀dá ń sọ mí, bẹ́ẹ̀ iwájú mi ni wọ́n wà. Àárò bí wọ́n ṣe ń pè mí ní àbúrò kí n tó ṣẹ̀ wọ́n. Tí mo bá jẹ́wọ́ fún Àǹtí, wọ́n lè ní kí n má wá mọ́, mi ò sì ní ẹ̀gbọ́n míì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ dá mi lóhùn kí Sátidé tó dé. Bọ̀ọ̀dá máa tún bẹ̀ mí, èmi náà á sì tún ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n."