Àsíá Tí Mo Nà Sí Mathieu

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹ ti rí bí ẹsẹ̀ mi ṣe wú, ẹ má wulẹ̀ purọ́ tù mí nínú. Léonard, katikíìsì tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìjọ, ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo sì ti ní kó má yọ nǹkan kan kúrò, bó tilẹ̀ ń tì í lójú. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi irọ́ bo òkú mọ́lẹ̀. Èmi Sylvestre ni mo pa Odette, ìyàwó Cosme.

Gbogbo yín lẹ mọ ibùdókọ̀ ojú irin tó wà nísàlẹ̀ òkè wa. Bàbá mi wà lára àwọn tí òyìnbó fi tipá kó lọ gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé lọ́dún 1960, òyìnbó tó ń ṣọ́ ibùdókọ̀ náà lọ, wọ́n sì gbé fìlà rẹ̀ dé mi lórí. Ọkọ̀ kì í dédé dúró lọ́dọ̀ wa. Bí èrò bá wà, màá na àsíá pupa, awakọ̀ á dúró; bí kò bá sí, màá na aláwọ̀ ewé, á kọjá. Èmi nìkan ló ń pinnu. Ẹ wo irú agbára tí wọ́n gbé lé òmùgọ̀ lọ́wọ́!

Ẹgbẹ́ mi ni Cosme. Lọ́jọ́ kan ní ọjà Glazoué, lójú àwọn obìnrin tó ń ta iṣu, ó ní, "Sylvestre, ọkọ́ ni bàbá rẹ fi jẹun. Ìwọ ń ju àkísà sókè, o ń pe ara rẹ ní ọ̀gá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sùn, mo gbé e jí.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 1963, Cosme àtàwọn àbúrò rẹ̀ méjì fi pákó gbé Odette sọ̀kalẹ̀. Ọmọ ti dábùú nínú rẹ̀ láti àná. Agbẹ̀bí ní àfi ilé ìwòsàn ní Bohicon. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ibùdókọ̀, níbi tí wọn kò ti lè rí ojú irin. Ó rí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Sylvestre, ẹ má jẹ́ kí n kú." Cosme tẹ̀ lé mi wọlé. A ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀.

Mo bi í pé, "Kí lo pe iṣẹ́ mi lọ́jà?"

Ó kúnlẹ̀. "Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá mi, mo gọ̀ ni. Ẹ dákun, ẹ dá ọkọ̀ dúró."

Ó yẹ kó tẹ́ mi lọ́rùn. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní kó dúró lórí eékún rẹ̀ níbẹ̀, mo sì jáde. Àsíá méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má sọ pé èṣù ni, èmi ni. Mo ní lọ́kàn mi pé ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lọ́la, kí Cosme fi ìrora sùn ní òru kan péré. Mo na aláwọ̀ ewé. Mathieu awakọ̀ juwọ́ sí mi bó ṣe ń kọjá.

Kí Cosme tó sáré jáde, mo ti ki àsíá aláwọ̀ ewé bọ inú ẹ̀wù, mo gbé pupa sókè, mo ń pariwo, "Mathieu kọ̀! Kò dúró!" Oòrùn ò tíì wọ̀ tí Odette fi kú, tòun toyún.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá ojú irin wádìí ọ̀rọ̀, Cosme fi òótọ́ inú búra pé pupa lòun rí. Mathieu ní, "Sylvestre, wo ojú mi. Àwọ̀ wo lo nà sí mi?" Mo wò ó lójú, mo ní, "Pupa." Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá ló kú, tàwọn èèyàn ṣì ń pè é ní apànìyàn. Lọ́dọọdún, kí Cosme tó jẹ iṣu titun, á kọ́kọ́ gbé tèmi wá. "O gbìyànjú fún ìyàwó mi," báyìí ló máa ń wí. Mo sì ń gún un, mo ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fún yín ní àṣẹ, ẹ má fi san ẹ̀san èébú. Cosme, nígbà tí wọ́n bá ka èyí fún ọ, bí o bá fẹ́ tutọ́ sí mi lójú, ojú náà nìyí. Mo ń tọrọ ìdáríjì, ṣùgbọ́n n kò lè fi dandan mú ọ. Ohun kan ṣoṣo ni kí o bá mi ṣe: gbé ìwé yìí lọ fún Isabelle, opó Mathieu, kí o jẹ́ kí wọ́n kà á sókè létí àwọn ọmọ rẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé bàbá wọn ì bá dúró.