Iye Àtijọ́ Tí Mo Fi Ka Ẹ̀jẹ̀ Olùkọ́

Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Dókítà ti bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, ojú wọn sì ti sọ ọ́ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo lò nídìí ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán inú ẹ̀jẹ̀. A máa ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ oògùn tó ní ìtànṣán díẹ̀, tó bá ṣe díẹ̀ a ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ìtànṣán tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ bá kéré, kídìnrín onítọ̀hún ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, ó yẹ ká kọ́kọ́ fi ìgò òdiwọ̀n, ìgò tí a ti mọ iye ìtànṣán inú rẹ̀, dán ẹ̀rọ wò. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni, ó sì sú mi. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mo ti rí àbùjá: ká dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ká máa lo iye yẹn lọ. Ó ní, "Ṣé wàá máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Oṣù márùn-ún ni mi ò fi fọwọ́ kan ìgò náà. Wọ́n sọ mí ní Alábùjá, inú mi sì ń dùn, èmi òmùgọ̀.

Olùkọ́bìnrin kan wá ṣe àyẹ̀wò, ó fẹ́ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin ní kídìnrín kan. Mo kọ ọ́ pé tirẹ̀ dára gan-an. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ọkàn mi ò balẹ̀, mo bá gbé ìgò òdiwọ̀n sínú ẹ̀rọ. Iye tó kà kò tó ìdajì èyí tí mò ń lò. Ẹ̀rọ ti bàjẹ́, kò rí ìtànṣán tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà tán; kídìnrín rẹ̀ kò dára tó bí mo ṣe kọ ọ́. Mo sáré lọ sí wọ́ọ̀dù. Ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Èsì yín ló jẹ́ kí àbúrò mi rí oorun sùn." Nọ́ọ̀sì ní, "Ọ̀gá, ṣé kò sí o?" Mo ní, "Kò sí. Mo ní kí n kí wọn ni." Wọ́n tì í lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ lójú mi. Mo padà lọ kọ àyẹ̀wò irọ́ oṣù márùn-ún sínú ìwé ẹ̀rọ.

Kídìnrín kan tó kù fún olùkọ́ náà kò lè dá ṣiṣẹ́; kò pé ọdún méjì tí ó fi kú. Àbúrò rẹ̀ wá bá mi, ó ń sunkún. "Èmi ni mo pa ẹ̀gbọ́n mi. Ǹ bá má gbà á lọ́wọ́ wọn." Mo ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Mi ò sọ ẹni tó jẹ̀bi.

Àbúrò olùkọ́, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ̀yin kọ́. Èmi ni. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí, mi ò ní bínú. Ẹ ṣáà dárí ji ara yín.